Orúkọ Mi ní Igun Àwòrán

Bí òórùn òjé gbígbóná bá ti kàn mí nímú, Dopemu ni ọkàn mi máa ń sáré lọ, sí ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń rán bàtà, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ eruku inú kọ̀ǹpútà sí wa lójú. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni n óò ti rí ohun tí n óò máa dúpẹ́ fún, èmi tí mo mọ ìkùnsínú ju bí mo ṣe mọ ọpẹ́ lọ.

O mọ iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwòrán ilé ni mo ń yà ní ọ́fíìsì ìjọba, ọ̀gá mi sì máa ń gba ìyìn rẹ̀. Àwòrán tó gbé e dé ipò ńlá, èmi ni mo yà á. Obìnrin tó ń bá a tẹ̀wé ló tẹ orúkọ ọ̀gá sórí bébà pélébé, tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bo orúkọ tèmi ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ojú mi ló ṣe. Láti ọjọ́ náà, n kò kí obìnrin náà mọ́ títí a fi fẹ̀yìn tì.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìjọ wa ní àdúgbò Command fẹ́ kọ́ gbọ̀ngán. Ta ni alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé? Ọ̀gá mi àtijọ́ náà ni. Mo ní n óò ya àwòrán gbọ̀ngán náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi níṣojú gbogbo ìgbìmọ̀, ó ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yà á báyìí, kí ìyá lọ sinmi. N kò sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n fún mi di Sátidé. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n bí n kò bá rí nǹkan fi hàn lọ́jọ́ náà, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n alága ni wọn yóò lò.

Mo ya àwòrán náà tán, àmọ́ kọ̀ǹpútà mi kò lágbára láti yí i ká kí wọ́n lè rí ilé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo ra káàdì àwòrán tuntun, èyí tó ń fún kọ̀ǹpútà lágbára láti gbé àwòrán jáde, ní Ìkòtún, ẹni tó tà á sì bá mi fi í sínú ẹ̀rọ. Kò sí wàhálà títí mo fi yí àwòrán. Ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣókùnkùn biribiri. Mo pa á, mo tan án, mo tún gbàdúrà lé e lórí. Ẹni tó tà á ní kò sí ohun tó ṣe káàdì òun, pé dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ló ń dà á láàmú, ìyẹn ètò tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe lo káàdì náà. Ó ní obìnrin kan ní Dopemu mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Ọjọ́ Ẹtì la wà.

Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo gbé ẹ̀rọ náà lé itan bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tí obìnrin náà gbójú sókè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹni tó lẹ bébà bo orúkọ mi ni. Ewú ti gba orí rẹ̀. Mo ti yí padà, ẹsẹ̀ mi ti dé ẹnu ọ̀nà, kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e kalẹ̀ ná. Ẹ̀rọ kò ṣẹ ẹnì kankan nínú wa."

Sátidé ló dá mi dúró, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oníbàárà kan tó ń dúró de láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wo káàdì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Màmá, irú èyí làwọn tó ń gbá géèmù ń lò o. Àbí ẹ̀yin náà ń gbá a ni?"

"Mò ń gbá a," mo ní, "mo sì ń wá ẹni tí n óò nà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé àwa méjèèjì jọ máa ń rẹ́rìn-ín rí.

Ó wò ó títí, ó ní dẹ́rẹ́bà ti káàdì àtijọ́ ṣì wà nínú ẹ̀rọ, orí rẹ̀ ni wọ́n kó tuntun lé, bí ìgbà tí èèyàn gba ayálégbé tuntun wọlé nígbà tí ẹrù ti àtijọ́ ṣì wà ní yàrá. Ó já íńtánẹ́ẹ̀tì kí kọ̀ǹpútà má baà fúnra rẹ̀ wá òmíràn, ó yọ ti àtijọ́ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó wá fi tuntun sí i. Ojú kọ̀ǹpútà tún ṣókùnkùn. Kò bínú. Ó yọ ìyẹn náà, ó fi awò wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, ó ní èyí tí òun fi sí i ti tuntun jù fún káàdì náà, ó wá èyí tó ṣáájú rẹ̀, ó fi ìyẹn sí i. Ìyálẹ̀ta ni mo dé ibẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí òrùlé gbọ̀ngán yí wẹ́rẹ́ lójú wa, bí ọmọge tó ń wo aṣọ tuntun nínú dígí.

Ìgbà náà ló nàka sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Òfìfo ni. Àṣà ọ́fíìsì ti mọ́ mi lára débi pé mo fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ tèmi. Kò bi mí léèrè. Ó tẹ orúkọ mi lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, títí kan orúkọ àbísọ tí n kò mọ̀ pé ó ṣì rántí.

"Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi nígbà yẹn, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹ̀rù bà mí."

Mo gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, mo sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, alága bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka igun náà, ó sì jókòó. Àwòrán mi ni wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngán. N kò tíì dárí jì í, n kò sì kánjú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó pàṣẹ àti ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni mo ti dì pọ̀ bí ẹrù kan ṣoṣo látọjọ́ yìí, mo sì dúpẹ́ pé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ bá mi tú u. Wọ́n fi àwòrán náà kọ́ sára ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá dé ibẹ̀, wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin Dopemu náà sì ni.