Orúnkún Aunty Yéjídé

Bí ẹ bá ti wo fíìmù kan tí wọ́n yà ní Atlanta rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí èjìká Aunty Yéjídé, ẹ̀gbọ́n mi. Èjìká ni mo wí o, n ò sọ pé ojú. Nọ́ọ̀sì ni ní Decatur, nítòsí ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò bá ní shift, fíìmù ló ń bá lọ. Òun ni obìnrin tó ń jẹun lẹ́yìn àwọn òṣèré, tí ẹnu rẹ̀ ń mì tí ohùn kankan kò jáde. Inú máa ń bí mi.

"Aunty, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pa gbogbo ilé-ìwé lẹ́rìn-ín ní Iléṣà, ẹ wá di ẹni tó ń jẹ sáláàdì lẹ́yìn èèyàn!"

Ó máa ń rẹ́rìn-ín. "Ṣe sùúrù, Tẹ́ní. Wọ́n á rí ojú mi lọ́jọ́ kan."

Ọjọ́ náà dé lọ́dún tó kọjá. Dárasími, ọmọ ìjọ wa tí wọ́n bí síbí, tó ń kọ́ṣẹ́ fíìmù ní yunifásítì, fẹ́ ya fíìmù aláìfọhùn bíi ti ayé àtijọ́. Ojú àti ara nìkan ni òṣèré máa fi sọ̀rọ̀. Ó fún Aunty ní ipa tó tóbi jù: ọmọ tí bàbá rẹ̀ lé jáde nílé, tí bàbá wá ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kó ṣílẹ̀kùn, kó dúró gbọn-in, kó bínú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jó yí kíṣìnnì ká.

A lọ yà á nílé kan ní Norcross. Mr. John, òyìnbó àgbàlagbà tí irun rẹ̀ funfun láúláú lábẹ́ fìlà, ló ṣe bàbá. Ó kan ilẹ̀kùn. Aunty ṣí i, ó rí irun funfun, ó kúnlẹ̀ gbì!

"Cut, ma," ni Dárasími wí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, kò lè jágbe mọ́ àgbà.

Wọ́n tún un ṣe, ó tún kúnlẹ̀. Nígbà tó yá, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, síbẹ̀ orúnkún ń yẹ̀ lọ sílẹ̀. Àwọn tó di kámẹ́rà mú ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

"Aunty, eré ni bàbá yìí ń ṣe, ẹ dúró jàre!"

"Tẹ́ní, àgbàlagbà bíi Bàbá wa wọlé, kí n nà ró bí òpó iná? Ta ló tọ́ mi bẹ́ẹ̀?"

Mo yíjú, mo rí Joanna, òṣèré mìíràn, tí wọ́n ti ń kùn lẹ́búlẹ́bú sí lójú.  Dárasími wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi.

"Aunty, ẹ má bínú. Oòrùn ń wọ̀. Last one, ma. Bí ẹ bá tún kúnlẹ̀, Aunty Joanna ló máa ṣe é."

 Omi lé ròrò lójú Aunty. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí orúnkún!

Mr. John kan ilẹ̀kùn. Aunty ṣí i, ó wò ó. Mo ní yéè, ó ti dúró! Àfi bí orúnkún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kanlẹ̀. Mo fọwọ́ bojú. Ṣùgbọ́n n ò gbọ́ "cut, ma." Mo yọjú. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìkúnlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ojú tí ìyá wa máa ń fi wò wá níwájú àlejò ló fi ń wo bàbá yẹn. Mr. John gbàgbé ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó ṣí fìlà, ó fà sẹ́yìn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Dárasími, má bínú, orúnkún mi ni," Aunty ń sunkún.

"Aunty, ẹ dìde, ma. Mo ti rí ohun tí mò ń wá."

Oṣù tó kọjá la wò ó ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ẹ̀gbọ́n mi gba gbogbo ògiri! Nígbà tó kúnlẹ̀, gbogbo èèyàn na ọrùn wò ó. Màmá Oyèkànmí, àgbà ìjọ, ló kọ́kọ́ pariwo: "Ẹ̀yin èèyàn, orúnkún kí i, ojú ò kí i!"

Hàà, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ bí ẹni pé ìjà gidi ni. Wọ́n kẹ̀yìn sí ògiri, wọ́n kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi níbi tó jókòó sí. "Yéjídé, tìtorí Ọlọ́run, bàbá ni, forí jì í!" Pásítọ̀ gan-an dìde, ó ń bá wọn bẹ̀ ẹ́.

Aunty gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ló wí. "Kò tíì bẹ̀ mí tó."