Lẹ́tà tó Mú Bàbá Mi Jókòó

Ó ku bí ọdún kan kí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi ní Adó, tí ẹsẹ̀ òsì wọn sì kú. Ní àràárọ̀, èmi ni mo ń dì wọ́n mú níbàdí tí a fi ń rìn yí ilé ká. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n ti ń dá dúró, wọ́n sì ń dá rìn dé ìdí kànga. Obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ìrìn ní ọsibítù sọ fún wọn pé, “Bàbá, ẹ má sinmi o. Ìrìn yìí gan-an ni oògùn yín.”

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe kọ lẹ́tà láti London. Ó ní àwọn dókítà ibẹ̀ ń dán ẹ̀rọ òòfà kan wò, tí wọ́n ń gbé sí orí aláìsàn kí ọpọlọ lè tún máa darí ẹsẹ̀, àti pé òun ń bọ̀ wá mú Bàbá lọ. Èmi ni mo kà á sí wọn létí.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká rìn,” wọ́n á ní, “Fi mí sílẹ̀. Ẹ̀rọ máa ṣe é.”

Ọdún kan kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ò wá. Orúnkún Bàbá gan pa, wọn ò sì rìn mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ìsìnkú ló gbé e wálé. Ó nu omijé ojú rẹ̀, ó bi mí pé, “Kí ló dé tí o ò jẹ́ kí wọ́n máa rìn?”

Mo lọ mú lẹ́tà tó kọ láti London wá, mo sì fi lé e lọ́wọ́.