Àpótí Lẹ́tà Tí A Ń Sanwó Fún

Ọdún keje tí mo gbé ìyàwó mi ni oyún àkọ́kọ́ tó dúró. Ṣakí ni à ń gbé. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní iṣẹ́ àgbẹ̀, òun ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú wa wà ní Ìbàdàn. Nítorí pé ọ̀nà jìn, dókítà náà ní kí a máa kọ ímeèlì sí òun bí a bá ní ìbéèrè, kí a má máa dààmú ara wa sójú ọ̀nà. Àpótí ímeèlì kan ṣoṣo ni a ní nígbà náà, tèmi ni, ọ̀fẹ́ sì ni, irú èyí tí gbogbo èèyàn ń lò. Inú rẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń kọ̀wé sí dókítà. Àpótí yẹn náà ló sì fi forúkọ sílẹ̀ níbi kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti máa ń kọ̀wé sí aláboyún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti sọ fún un bí ọmọ inú rẹ̀ ṣe ń dàgbà sí.

Inú rẹ̀ máa ń dùn sí àwọn lẹ́tà yẹn. Lọ́jọ́ kan, ó yọjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ gbọ́, wọ́n ní ó ti tó ọsàn wẹ́wẹ́."

Mo ní, "Kí ló tó ọsàn wẹ́wẹ́?"

Ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, ó wá fọwọ́ lé ikùn. A kò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ní ilé tiwa, a kì í kéde oyún. A máa ń dákẹ́ títí yóò fi yọ síta fúnra rẹ̀.

Oyún náà kò pé oṣù mẹ́rin tó fi bàjẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo gbé ìyàwó mi lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀, ọjọ́ kejì ni a padà sílé. A sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ pé ibà ni. Bí ẹnì kankan kò ṣe mọ̀ pé oyún wà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnì kankan kò mọ̀ pé kò sí mọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí màmá mi tó wá kí wa láti Àgọ́-Àmódù. Màmá mi fẹ́ràn kí ó máa gbọ́ wàásù lórí fóònù mi. Mo ṣí i fún un, mo fi í sílẹ̀ ní pálọ̀, mo jáde lọ fọ ọ̀kadà mi. N kò tíì fọ táyà kan tán tí mo fi gbọ́ igbe rẹ̀.

"Alihamudulilahi! Ọlọ́hun mi, o ṣeun!"

Mo sáré wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú bí ẹni gbé ọmọ. Lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti wọlé, kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Bí ó ṣe fọwọ́ kàn án ló ṣí, àwòrán ọmọ inú ikùn sì kún ojú fóònù.

Ó ní, "Ẹ wá ń fi pamọ́ fún èmi náà? Níbo ni ìyàwó mi wà?"

Ìyàwó mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, abọ́ gàrí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kọjá láàárín wa, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo sọ òtítọ́ fún màmá mi. Ó da ojú fóònù náà délẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Èmi ò mọ̀wé. Àwòrán ni mo rí."

Mo ní, "Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Màmá."

Ó dìde, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà. Kò kànkùn, kò pe ìyàwó mi. Ó kàn jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Aláásàrí.

Mo wá ibi tí wọ́n ti ń dá lẹ́tà náà dúró, mo sì dá a dúró. Ṣùgbọ́n ìpolówó ọjà ọmọdé tó ń bá a wá kò dúró. Ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà wa báyìí ni wọ́n máa ń wà: bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, mílíìkì, ṣòkòtò péńpé. N kò lè búra pé lẹ́tà wa ni àwọn tó ni àpótí náà ń kà. Ó lè jẹ́ àwọn ohun tí àwa fúnra wa lọ wá kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi mọ̀. Èyí tó dá mi lójú ni pé ìyàwó mi kò fẹ́ ṣí àpótí náà mọ́. Dókítà kọ̀wé pé báwo lara, lẹ́tà náà sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìsẹ́yìn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, a jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ni. Mo wọkọ̀ lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé. N kò sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo kàn ní mò ń fẹ́ ibi tí lẹ́tà mi á ti jẹ́ tèmi.

Ó bi mí pé, "Ibi tí o wà báyìí, ta ló ń sanwó rẹ̀?"

Mo ní, "Ọ̀fẹ́ ni."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o ń sanwó. Mo ní ta ló ń san án."

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Àwọn tó ń polówó ọjà ni. Àwọn ni oníbàárà ibẹ̀, ìwọ kọ́."

Ó fi ilé iṣẹ́ kékeré kan hàn mí, ní òkè òkun. Kò sí ìpolówó níbẹ̀. Owó tí àwọn tó ń lò ó ń san lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń jẹun, wọ́n sì ń ti lẹ́tà pa lọ́nà tí òṣìṣẹ́ wọn pàápàá kò fi lè kà á.

Mo ní, "Ṣé ó dájú?"

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ fún ọ o. Bí ẹni tí o kọ̀wé sí bá wà níbi ọ̀fẹ́, ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ohun tí o bá sì ń wá kiri níta, àpótí yìí ò lè bá ọ bò ó."

Mo fẹ́ràn bí kò ṣe pọ́n ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí mo mẹ́nu bà á ní yàrá olùkọ́, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní, "Tíṣà, ta ló ń wá ọ? Àbí o jí nǹkan?" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò lè sọ ìdí tí mo fi ń ṣe é fún wọn, nítorí ìdí náà gan-an ni mò ń fi pamọ́.

Mo dé ilé, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ti rí ibì kan tí a lè kó lọ, èmi àti òun, àpótí kan fún àwa méjèèjì. Ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ń máàkì. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Ẹ má bínú. Èmi fẹ́ tèmi lọ́tọ̀."

"Lọ́tọ̀ kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi lẹ́tà rẹ ṣe?"

"Kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọ̀wé sí dókítà, mo máa ń rántí pé ẹ máa kà á. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì lè bi í, nítorí yín ni."

Ó dùn mí. Mo jáde lọ jókòó sórí ọ̀kadà tí n kò gùn lọ síbì kankan. Ilé iṣẹ́ tó ni àpótí ọ̀fẹ́ wa ni mo rò pé ó ń yọjú wo ìyàwó mi. N kò mọ̀ pé èmi náà wà lára àwọn tó ń yọjú. Nígbà tí mo wọlé padà, mo ní, "Ó dáa. Méjì ni a máa gbà."

Kò rọrùn láti sanwó náà. Káàdì báǹkì mi kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di kí n lọ gba òmíràn tó lè sanwó sí òkè òkun, èyí sì gbà wá tó ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan ni a wá ṣí méjèèjì. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé bí a bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù, tí a sì sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí a kọ pamọ́ nù, kò sí ẹni tó lè bá wa ṣí i mọ́. Ìyàwó mi mú bébà, ó ní kí n kọjú sí ògiri. Mo kọjú sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n ń jẹ níyà, òun sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. Títí di òní, n kò mọ ibi tó fi bébà náà sí.

Ọjọ́ yẹn náà ló kọ̀wé sí dókítà. Ó pẹ́ nídìí rẹ̀. Ó wù mí kí n bi í pé kí ló ń kọ, mo lọ gbálẹ̀ ìta dípò rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni nọ́ọ̀sì dókítà pè wá pé àwọn rí lẹ́tà kan láti ibi tí àwọn kò mọ̀, ṣé àwa ni. Ìyàwó mi ní àwa ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ó ní, "Dókítà ní kí àwa méjèèjì jọ wá. Ó ní ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀yin náà wò."

Mo gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ mi padà sínú abọ́. Láti ọdún méje, òun nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Òun nìkan ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, òun nìkan ló ń gbé oògùn mì. N kò sọ pé n kò ní í lọ rí, ṣùgbọ́n n kò sọ pé màá lọ náà. Ìbéèrè tí kò lè kọ sínú àpótí tèmi nìyẹn.

Mo ní, "Ṣé ohun tí o bi í nìyẹn?"

Ó ní, "Òun ni."

Mo ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí a wá?"

A lọ. Wọ́n rí àìsàn kan lára mi tó lè dí oyún lọ́wọ́, ó ti pẹ́ níbẹ̀, oògùn sì ká a. Ojú tì mí níwájú dókítà, ojú sì tún tì mí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú ìyàwó mi nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà. Ó kàn gbé orí lé mi léjìká, ó sùn títí tí a fi dé Ṣakí.

Ó tó ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà kí oyún tó tún dúró. Lọ́tẹ̀ yìí kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Nígbà tó pé oṣù márùn-ún, mo gun ọ̀kadà lọ sí Àgọ́-Àmódù. Màmá mi ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ àtíbàbà.

Mo ní, "Màmá, ìyàwó yín ti lóyún."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Oṣù mélòó?"

"Márùn-ún."

"Ta ló tún gbọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́."

Kò kígbe. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wá rọra sún mọ́ mi. Ó ní, "Kó má gbé omi mọ́ o. Ìwọ ni kí o máa pọn ọ́n." Ó dìde, ó wọlé lọ ṣa iṣu fún mi.

Ọmọbìnrin ni a bí. Màmá mi ló wẹ̀ ẹ́ fún ogójì ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé kànìnkànìn.