Adájọ́ Orí Tẹlifíṣọ̀n àti Àga Ẹ̀gbẹ́ Dígí

Ẹ má bínú sí ọ̀nà tí mo ń gbà kọ̀wé. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, n kò sì tíì kọ ohun tó gùn tó èyí rí. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún ara mi nínú bọ́ọ̀sì ni mo ṣe kọ ọ́.

Mo rántí ìgbà tí mo ń gbálẹ̀, tí mo sì ń fọ irun fún àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Òórùn àtáṣímẹ́ǹtì tí wọ́n bá rì bọ omi gbígbóná kì í kúrò lára aṣọ mi nígbà náà. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, gbé tẹlifíṣọ̀n kan kọ́ sókè dígí, a sì máa ń wo eré kan tó dá lórí ẹjọ́ kóòtù ní ọ̀sán Sátidé. Wọ́n fẹ̀sùn kan ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú eré náà pé ó dáná sun ilé ọ̀gá rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti dá a lẹ́bi.

“Ẹ wo ojú ẹ̀,” ni Àǹtí wí. “Ojú olè nìyẹn.”

“Àǹtí, iná ló dá o, kò jalè,” ni oníbàárà kan fèsì.

“Ẹni tó lè dáná sunlé, kí ni kò lè jí?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbà pé ó ṣe é. Adájọ́ ló rú mi lójú. Ó sọ fún àwọn ará ìlú tí wọ́n pè wá gbọ́ ẹjọ́ náà pé kí wọ́n ka ọmọ náà sí ẹni tí kò ṣẹ̀, àfi bí àwọn tó fẹ̀sùn kàn án bá mú ẹ̀rí tó dájú wá. Ó ní kò pọn dandan kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ nǹkan kan. Mo ń bi ara mi pé irú kóòtù wo nìyí? Bí kò bá ṣe é, kí ló wá ṣe níbẹ̀? Ọgbọ́n mi nígbà náà nìyẹn, mo sì rò pé ó pọ̀.

Lọ́jọ́ tí eré náà parí, wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rí kò tó. Àǹtí pòṣé, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni yẹtí góòlù oníbàárà kan sọnù. Ó ti bọ́ ọ sílẹ̀ níwájú dígí kí wọ́n tó máa dirí rẹ̀. Àga tó sún mọ́ ibẹ̀ jù ni ti ọmọbìnrin kan tó ń ti Walworth wá bá wa dirí. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dún bí ti òyìnbó. A gbálẹ̀, a wá abẹ́ àga, ṣùgbọ́n àpò tirẹ̀ nìkan ni wọ́n tú. Wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ni Àǹtí bá gbé Àlùkùránì jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e.

“Mùsùlùmí ni ìwọ náà. Gbà, búra, kí ọ̀rọ̀ parí.”

Ọmọ náà fa ọwọ́ sẹ́yìn. “Àǹtí, plíìsì, mi ò lè fọwọ́ kàn án.”

“Kí ló dé?”

Ó wo ọkọ Àǹtí, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó wolẹ̀. “Mi ò kàn lè ṣe é lónìí ni.”

“Ẹ ti gbọ́ báyìí,” ni ẹni tó ni yẹtí wí.

Àǹtí ní kó máa lọ sílé, kó wá kó ẹrù rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti àga rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn, ó da òòyà àti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ sí Forest Hill ni ọ̀rọ̀ náà, “lónìí,” ti padà wá sí etí mi. Obìnrin tó bá wà nínú nǹkan oṣù rẹ̀ kì í fọwọ́ kan Àlùkùránì. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ lójú ọkọ Àǹtí? Inú mi fẹ́ dùn pé mo ti rí òtítọ́, àmọ́ kì í ṣe òtítọ́ ni mo rí. Bóyá kò sí nínú nǹkan oṣù rárá. Bóyá ó wà nínú rẹ̀, tó sì tún mú yẹtí náà. Orí mi dàrú. Èmi tí n kì í lè dáhùn bí wọ́n bá bi mí láàárín èrò bóyá mo ti jẹun, bí wọ́n bá gbé Àlùkùránì yẹn fún mi, ẹkún ni mo máa sun, wọn á sì ní ẹkún olè ni.

Títí di òní, a kò rí yẹtí náà, n kò sì mọ ẹni tó mú un. Bí mo bá rántí ọmọ inú eré yẹn, ó ṣì ń ṣe mí bíi pé ó dáná náà. Adájọ́ rẹ̀ ni n kò bá jà mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọmọ náà fẹ́ wá kó ẹrù rẹ̀, mo tètè dé ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Mo gbé àga ọmọ náà jáde láàárín àwọn páálí, mo nù ún, mo gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Mo fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́, mo to òòyà rẹ̀. Nígbà tí Àǹtí wọlé, ó wo àga náà, ó wá wò mí. Mo ń gbálẹ̀ lọ. Kò ní kí n gbé e kúrò.