Aṣọ Tí Ọmọláńgidi Lè Bọ́

Ṣé ẹ ti rí télọ̀ tó ń wọn ìgbọ̀nwọ́ ọmọláńgidi rí? Ẹ lọ wo Ìyá Bó-Bá-Jí lójú fèrèsé rẹ̀. Aṣọ ohun ìṣeré nìkan ló ń rán. Ó ní wàhálà ènìyàn ti pọ̀ jù. Bó bá rán ẹ̀wù tó mọ bí àtẹ́lẹwọ́ tán, á gbé e sókè, á ní, "Bó bá jí ńkọ́?" Bí ọmọláńgidi yìí bá dédé lajú, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ṣé á lè bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ fúnra rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí bọ́tìnì rẹ̀ kì í fi í ṣe ti ọ̀ṣọ́ lásán. Gbogbo wọn ló ń ṣí. Kódà, ó máa ń fi àyè sílẹ̀ nídìí ṣòkòtò ajá onírun, kó má baà fàya lọ́jọ́ tí ajá bá kọ́kọ́ jókòó.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kì í yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màámi, bí wọ́n bá jí, ta ló máa bọ́ wọn?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ gan-an? Síbí ìrẹsì kan, odindi ilé ti yó. Omi inú ìdérí ìgò, wọ́n ti wẹ̀."

"Bí ológbò bá wá dé ńkọ́?"

"Ṣé o rí i pé mi ò kí ń rán aṣọ tó ń wọ́lẹ̀ fún wọn? Ẹni tó máa sáré!"

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì, kò sì sọ fún ẹnì kan. Ìka ló fi ń wá ojú rírán. Ọmọ ti sọ ọ́ tipẹ́ pé, "Ọjọ́ tójú bá kọ̀, ẹ ó lọ jókòó ni o." Iṣẹ́ yìí sì ni ìyá ń torí ẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ fẹ́ wọ ẹ̀wù fún ọmọláńgidi kékeré kan. Orí kọ̀, kò kọjá. Ó yí aṣọ síta. Ìyá ti rán ọrùn rẹ̀ pa pátápátá, ojú rírán náà sì gún régé.

Ó fi í lé ìyá lọ́wọ́. Ìka ìyá rìn lórí aṣọ títí ó fi dé ọrùn.

"Yéè! Ì bá kú sínú ẹ̀!" Ni omijé bá bọ́. "Mi ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé wàá lé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ."

Ọmọ ti lanu láti sọ ọ̀rọ̀ ìjókòó yẹn, àmọ́ sísọ́ọ̀sì ló mú.

"Ẹ fìka hàn mí, màámi. Ibo lorí ẹ̀ máa gbà?"

Ìyá fìka hàn án, ọmọ sì gé e.

Ní báyìí, ọmọ ló ń wa ẹ̀rọ. Ìyá jókòó tì í, ó ń gba aṣọ kọ̀ọ̀kan sórí àtẹ́lẹwọ́, ó ń ki ìka bọ ọrùn, ó ń kì í bọ apá.

"Apá òsì yìí há mọ́ ọn. Tú u."

"Màámi, ta ló máa mọ̀?"

"Ẹni tó wọ̀ ọ́."

Ọmọ pòṣé, ó sì tú u.