Ọwọ́ Tó Wẹ Ìyá Àgbà

Àwọn ará Peckham kì í fẹ́ bọ Rahmah lọ́wọ́. Wọn ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ sí i létí, nítorí èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sì sí ilé ìsọmọlórúkọ kan tí kì í ti bá wọn fọ abọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá na ọwọ́ sí ẹnì kan ní Rye Lane, onítọ̀hún á yára fi àpò ọjà dí ọwọ́ ara rẹ̀, á wá máa fi ẹnu kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọwọ́ tó ń wẹ òkú ni ọwọ́ Rahmah. Àwọn wọ̀nyí kan náà ló sì máa ń sáré pè é bí ìyá wọn bá dákẹ́! Aláìmoore ni ọmọ aráyé, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

Láàárọ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Kennington ni Rahmah ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ó ń wẹ àwọn tó wà láàyè. Bí wọ́n bá pè é láti mọ́ṣáláṣí, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Old Kent Road, á lọ wẹ àwọn tó ti lọ. Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí náà. Yàrá ìwẹ̀ wà lẹ́yìn, ògiri kan ṣoṣo ló sì là á sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, tó fi jẹ́ pé bí omi ṣe ń ya lára ọkọ̀ lọ́hùn-ún ni omi ń ṣàn lára òkú níhìn-ín. Rahmah ti lé ní ogójì ọdún. Kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ le bí apá ẹni tó ń gún iyán.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà ní Ìwó. London ni wọ́n bí Rahmah sí, àmọ́ iṣẹ́ àti ìwé kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ráyè tọ́ ọmọ, ọmọ náà kò sì tíì rìn tí Ìyá Àgbà fi wá gbé e pọ̀n lọ sí Ìwó. Ìyá Àgbà ló ń wẹ òkú obìnrin ní gbogbo àdúgbò wọn. Rahmah á ru omi tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó ń bá a wọlé. Ìyá Àgbà máa ń sọ fún un pé ohun yòówù tó bá rí lára òkú, inú rẹ̀ ni kó gbé, nítorí ẹni tó bá tú àṣírí òkú, Ọlọ́run á tú tirẹ̀. Ó tún máa ń sọ pé òkú tó bá mọ ẹni tó ń wẹ òun kì í wúwo.

Nígbà tí ìyá Rahmah ránṣẹ́ pé kí ó padà wá sí London, ó ti ń di ọmọge. Ìyá Àgbà sìn ín dé gáréèjì, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Àjọkẹ́, ọwọ́ ẹlòmíì ò gbọdọ̀ wẹ̀ mí. Ìwọ ni o."

"Ẹ̀yin ò ní kú, Ìyá Àgbà."

"Ta ló bi ẹ́ léèrè ikú? Mo ní ìwẹ̀!"

Rahmah búra pé òun á wá. Láti ìgbà náà, ìyá tó bí i ti kú ní London, òun fúnra rẹ̀ ló sì wẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà nìkan ló kù láyé tó ń pè é ní Àjọkẹ́. Bí ó bá ti ń wẹ òkú àjèjì báyìí, á máa rò ó lọ́kàn pé ìmúrasílẹ̀ ni gbogbo èyí, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun á wẹ òkú tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ òun níṣẹ́.

Bí ọyẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni Yaqub pè é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Yaqub, òun ló ń gbé lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní Ìwó.

"Aunty Rahmah, Ìyá Àgbà ní àwọn fẹ́ rí yín."

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Ara wọn le koko. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀kọ tán ni."

Ará ilé kì í sọ òtítọ́ àìsàn fún ẹni tó wà lókè òkun. Àánú ni wọ́n kà á sí, kí onítọ̀hún má baà dákú sẹ́nu iṣẹ́. Rahmah mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà sì ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn pa irú irọ́ yẹn rí. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Síbẹ̀, ó wù ú kó gba Yaqub gbọ́, ó sì gbà á gbọ́.

Ó wá ku físà. Páásípọ́ọ̀tì Bírítéènì nìkan ni Rahmah ní. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun á gba ti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọ̀la kì í tán. Òfin sì ni òfin: ẹni tó bá mú ìwé Bírítéènì dání gbọ́dọ̀ gba físà kó tó wọ Nàìjíríà. Òfin ò bi ọ́ bóyá o mọ ibi tí kànga wà nínú àgbàlá, tàbí bóyá o ti fi ẹsẹ̀ lásán sáré nínú òjò ibẹ̀ rí. Àlejò ni ọ́, bíi ti òyìnbó tó fẹ́ lọ wo ọ̀bọ. Inú bí Rahmah sí òfin náà, ó sì bí i sí ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ó lọ bá Káyọ̀ ní Rye Lane. Ọmọ tí wọ́n bí ní Peckham ni Káyọ̀, ó ń ta okùn fóònù, ó sì ń bá àwọn tó ń rìnrìn àjò gba físà lórí kọ̀ǹpútà. Ó kọ orúkọ, ó ya fọ́tò, ó wá dúró.

"Aunty, reason for travel. Kí ni ká kọ?"

"Ìrìnàjò ni."

"Aunty, ìrìnàjò is not a reason, innit. Ṣé family visit ni? Ṣé somebody ń ṣàìsàn?"

"Àsìtàfúrúlàáì! Ta ló ń ṣàìsàn? Má fi ẹnu ẹ pè é!"

"Okay, okay. So kí ni kí n put?"

Rahmah rò ó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ìyá arúgbó ni òun fẹ́ lọ wò, wọ́n á ní kí ló ṣe é. Ohun tí a bá sì kọ sílẹ̀, bí ẹni fi ẹnu pè é ni.

"Kọ ọ́ pé mò ń lọ gbafẹ́. Holiday."

"Holiday? Ní Ìwó?" Káyọ̀ rẹ́rìn-ín títí. "Safe, Aunty. Tourism it is."

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ nílẹ̀. Èsì dé pé ẹni tó ń lọ gbafẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn pé òun ti gba yàrá sí hòtẹ́ẹ̀lì. Hòtẹ́ẹ̀lì wo ló wà nínú àgbàlá Ìyá Àgbà? Wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Yaqub kọ̀wé pé òun ni yóò gba Rahmah lálejò. Gbogbo ìyẹn gba àkókò, kò sì sí ẹni tí Rahmah lè dá lẹ́bi àfi ìbẹ̀rù tó wà lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ó tún pe Ìwó, Yaqub gbé fóònù fún Ìyá Àgbà. Èémí ìyá náà ń já ní kékèké. Rahmah gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé wọ́n ti parọ́ fún òun.

"Àjọkẹ́, kí ló dá ẹ dúró?"

"Físà ni, Ìyá Àgbà."

"Kí ló ń jẹ́ físà?"

"Àṣẹ ni, ma. Àṣẹ pé kí n wọlé."

"Wọ ilé wo? Ilé tèmi?" Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikọ́. "Ó dáa. Bí wọn ò bá jẹ́ kí o wá, èmi á wá."

Lọ́jọ́ kejì, Rahmah ń fún Mr Asher ní tíì ní ilé ìtọ́jú. Arúgbó òyìnbó ni Mr Asher, iyè rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Ó mu tíì díẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń wo ẹ̀yìn Rahmah. Ó ní ìwà tí Rahmah ń hù kò dára, ìyá rẹ̀ àgbà ti ń dúró síbẹ̀ láti àná, kó fún un ní àga. Rahmah yíjú padà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju kọ́tìnì lọ, kọ́tìnì náà kò sì mì. Ó lọ gbé àga kan wá, ó fi í síbẹ̀. Mr Asher mi orí, ó padà sídìí tíì rẹ̀ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni Aunty Mìsítúrà pè é. Òun ni olórí àwọn tó ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́ṣáláṣí náà.

"Rahmah, òkú kan ti dé sọ́dọ̀ wa o. Ìyá àgbàlagbà kan, ará Sàró. Hospital ni wọ́n ti gbé e wá, kò ní family kankan. Ṣé wàá lè wá after your shift?"

Òjò ń rọ̀, ojú ọjọ́ ṣú dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí Rahmah dé, àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ti kógbá sílé nítorí òjò, ariwo omi wọn kò sí. Kò wọ yàrá ìwẹ̀ yẹn rí kó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì wo ẹni tó fẹ́ wẹ̀. Ìyá gígùn ni, ó dúdú, kò ní ilà lójú. Ìyá Àgbà kúrú, ó pupa, ó sì kọlà. Kò sí ibi tí àwọn méjèèjì ti jọra.

"Bísímílláhì," ni wọ́n wí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Nígbà tó tó àkókò láti yí i, Rahmah ki ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká rẹ̀, ó ń dúró de Aunty Mìsítúrà kó bá òun gbé e. Kó tó gbé e, òkú náà yí. Ó yí bí ẹni tó ń sùn ṣe ń yí ẹ̀gbẹ́ padà.

"Ó mà fúyẹ́ o," ni Aunty Mìsítúrà wí, tí kò tíì fọwọ́ kàn án.

Rahmah ń wẹ̀ ẹ́ bọ̀ wá sísàlẹ̀ títí tó fi kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró sí. Ìka tó kéré jù gun èyí tó tẹ̀ lé e lórí. Ó mọ ìka yẹn. Ní kékeré, òun ló máa ń bu omi àlùwàlá sí ẹsẹ̀ yẹn, tó máa ń fi ọwọ́ gbé ìka náà sókè kí omi lè wọ abẹ́ rẹ̀, tí Ìyá Àgbà á sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rín nítorí ó ń rìn ín. Ó gbé ìka náà sókè. Ẹsẹ̀ òkú náà fà sẹ́yìn díẹ̀.

"Ìyá Àgbà!"

"Rahmah! What is it? Kí ló dé?"

"Aunty, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn."

Aunty Mìsítúrà tẹ̀ ba, ó wò ó dáadáa. "Ẹsẹ̀ ni mo rí. Ìka rẹ̀ gún régé, all of them. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ọmọ mi. Jẹ́ ká parí."

Rahmah tún wò ó. Ìka náà ṣì wà lórí èkejì. Ó pa ẹnu mọ́, nítorí ohun tí a bá rí lára òkú, inú ẹni ló ń gbé. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán wẹ̀ ẹ́, Aunty Mìsítúrà sì ń wò ó. Ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, omijé ò sì jẹ́ kó ríran dáadáa. Ó da omi kàfúrá sí i lára, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ó di irun rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń ṣe fún obìnrin. Irun funfun múlọ́múlọ́ ni. Ó dì í jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dun onítọ̀hún.

Lẹ́yìn tí àwọn ọkùnrin gbé òkú náà lọ kírun sí i, Rahmah jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Fóònù rẹ̀ dún. Físà ti jáde. Ó wò ó, ó sì pe Yaqub.

"Yaqub, wọ́n ti fún mi ní físà. Gbé fóònù fún Ìyá Àgbà."

"Ẹ... wọ́n ń sùn, Aunty."

"Tan video, kí n wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn."

"Network ò dáa."

Rahmah ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń ka Kùránì lẹ́yìn rẹ̀, ohùn wọn pọ̀. Irọ́ àánú wà lẹ́nu Yaqub, àṣírí òkú wà lẹ́nu tirẹ̀, àwọn méjèèjì kàn ń mí sí ara wọn létí. Níkẹyìn, Yaqub bú sẹ́kún.

"Aunty, ẹ má bínú. Wọ́n ti lọ. Ọ̀sán yìí ni."

"Ìnnà lílláhì." Ó di irin àtẹ̀gùn mú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ mọ̀. "Yaqub, ta ló wẹ̀ wọ́n?"

Ohùn Yaqub rẹlẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn tó wà nítòsí gbọ́.

"Mo ti ìlẹ̀kùn pa mọ́ wọn ni, a ń dúró de àwọn ìyá tó máa wẹ̀ wọ́n. Àpò mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Nígbà tí àwọn ìyá dé tí mo ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀ ti tutù rinrin. Wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, Aunty. Wọ́n ti di irun wọn sẹ́yìn. Kí n tó ṣílẹ̀kùn yẹn, gbogbo wa tí a wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ la gbọ́ ohùn yín nínú yàrá, tí ẹ pe Ìyá Àgbà. Aunty Rahmah, báwo lẹ ṣe wọlé?"