Ìdè Tí Ẹsẹ̀ Ọmọ Mi Ò Ní

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má tún un ṣe. Ìwọ ọmọ ọmọ mi, ò ń lọ sílé ọkọ, ohun kan sì wà tí mo fi pa mọ́ fún ìyá rẹ láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti kú. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Mafoluku la ń gbé nígbà náà, yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èmi ń fi òwú kó irun nísàlẹ̀, lẹ́nu géètì. Ọmọkùnrin mi ti tó ọmọ ọdún márùn-ún, ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ sì ki pọ́pọ́ bíi ti agbábọ́ọ̀lù. Àwọn oníbàárà mi á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní ẹsẹ̀ yìí ló máa gbé mi dé òkè òkun. Inú mi dùn sí ẹsẹ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Àmọ́ bó bá ti jókòó sílẹ̀, wàhálà ni kó tó dìde. Á kọ́kọ́ fọwọ́ tilẹ̀, á di orúnkún mú, á wá di itan mú, bí ẹni ń gun ara rẹ̀ bí àkàbà. Àwọn ọmọ ilé ń pè é ní baba arúgbó. Èmi pè é ní ọ̀lẹ. Mo ní kó máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi gun àtẹ̀gùn láràárọ̀, kí ẹsẹ̀ lè le. Ìyá ọkọ mi tiẹ̀ wá láti Ọ̀ṣun, ó gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé, ó dá a dúró sínú rẹ̀, ó fi yẹ̀pẹ̀ tútù há a dé ìbàdí, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ tí kò tètè rìn. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn ń wò mí.

Ọjọ́ tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn la gbé e lọ sí ọsibítù. Ìgbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, dókítà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin, bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní irun ni mò ń kó.

"Ó dáa, Mà," ó ní. "Òwú wà nínú ẹran ara wa náà, ojú lásán ò lè rí i. Oríṣiríṣi nǹkan ló ń dì í mú. Òmíràn ń dì í pọ̀ kó má tú, òmíràn ń gé e bó bá gùn jù, òmíràn ń so ó mọ́ ògiri ẹran. Èyí tó ń so ó mọ́ ògiri yẹn ni ọmọ yín ò ní. Bó bá ṣe ń lo ẹsẹ̀ ni ògiri ń ya."

Mo ní ẹsẹ̀ tó ki ńkọ́? Ó ní ọ̀rá ló dí àyè ẹran tó ti kú.

Ó yé mi. Bí n kò bá so òwú dáadáa nídìí irun, yóò yọ kí oníbàárà tó délé. Mo wá rántí kẹ́ẹ̀gì. Èmi gan-an ni mò ń ya ògiri yẹn, láràárọ̀.

Kò pé ọmọ ogún ọdún tó fi lọ. Nígbà tó kù díẹ̀, mímí pàápàá ń ni ín lára. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti wá gbà pé n kì í ṣe ọ̀lẹ?"

Mo ní mo gbà.

Èyí tí mo fi pa mọ́ nìyí. Dókítà yẹn ní ara ìyá ni àrùn yìí ti ń wá. Kì í da ìyá fúnra rẹ̀ láàmú, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin rẹ̀ lè gbé e, kó sì gbé e fún ọmọkùnrin tó bá bí. Mo sọ fún gbogbo ayé pé ibà ló ba ẹsẹ̀ ọmọ mi jẹ́. Ìyá rẹ bí obìnrin mẹ́ta, mo sì ń dúpẹ́ lábẹ́lẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó kan ìwọ wàyí. Wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tìrẹ àti tìyá rẹ.

Ìyá rẹ ń bọ̀ láti Ailegun ní ìrọ̀lẹ́. Kà á sí i létí, èmi á jókòó síbẹ̀. Bó bá ń sunkún, má dákẹ́. Kà á dópin.